Amọ̀ Tí Kò Kan Lẹ́nu: Bí A Ti Ń Wọn Kíkan Ohun Líle

Nígbà tí a rán wa lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní sáà tí ó kọjá, Àgbàdo ni ìpín tèmi bọ́ sí. Mo rò pé mo ti múra tó. Mo ní ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́, mo ní ṣọ́ọ̀kì, mo sì ní ìdì ìwé litmus kékeré kan tí mo fi owó ara mi rà. Ohun tí n kò ní ni ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọbìnrin kan tí ó jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí epo rọ̀bì. Ní agbègbè yẹn, kò sí ẹni tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún ohun tí bẹntiróòlù jẹ́. Ọ̀pá tí ń gbé epo gba abẹ́ ilẹ̀ wọn kọjá. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 2006, nígbà tí iná sọ lára ọ̀pá náà ní Abúlé Ẹ̀gbá tí kò jìnnà sí wọn, ènìyàn tí ó ju igba lọ ni ó kú. Mo kọ́kọ́ rán àwọn ọmọ náà létí èyí, kí wọ́n má baà sún mọ́ epo tí ó bá dà sílẹ̀ láé. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń ṣàlàyé bí epo rọ̀bì tí ó dúdú, tí ó sì ki, ṣe ń di bẹntiróòlù tí ó mọ́ gaara. Mo ní ooru nìkan kò tó. Mo ní ìyẹ̀fun kan wà nínú ilé iṣẹ́ ìfọpo, tí ó jẹ́ ìbátan amọ̀, tí ó sì kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Òun ni ó ń gé epo tí ó wúwo sí wẹ́wẹ́.

Ọmọ náà dìde. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé amọ̀ a máa kan?”

Mo ní kí a dán an wò. Mo fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìwé litmus aláwọ̀ búlúù. Ó pọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo fi omi káún kàn án. Ó padà di búlúù. Inú àwọn ọmọ dùn. Mo wá po amọ̀ funfun mọ́ omi, mo sì tẹ ìwé mìíràn mọ́ ọn. Kò yí padà. Mo tún un ṣe, kò yí padà. Ọmọ náà sọ jẹ́jẹ́ pé, “Kò kan, sà.” Mo ní àkókò ti lọ, a ó máa bá a lọ ní ọjọ́ mìíràn. Olùkọ́ tí ó wá wo iṣẹ́ mi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìparí ẹ̀kọ́ náà kù díẹ̀ káàtó, ó sì tọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ kì í ṣe irọ́, ìwé litmus náà kò sì purọ́. Èmi ni mo fi òṣùwọ̀n ohun tútù wọn ohun gbígbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, ásíìdì ti yòrò tán. Kíkan rẹ̀ ni àwọn ègé háídrójìn tín-tìn-tín tí ásíìdì náà ti jọ̀wọ́ sínú omi, tí wọ́n ń rìn káàkiri, tí wọ́n sì ń bá ìwé litmus pàdé. Bí a bá fẹ́ mọ iye kíkan náà, a ó máa kán omi káún sí i ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kú, a ó sì ka iye ẹ̀kán tí a lò. Gbogbo wa ni a ti ṣe èyí. Ṣùgbọ́n amọ̀ kì í yòrò. Háídrójìn tirẹ̀ dúró gbọn-in sí ojú rẹ̀, bí ìgbín ti í lẹ̀ mọ́ ara igi. Bí ohun kan kò bá wá bá a níbẹ̀, òun kì í jáde lọ pàdé ẹnikẹ́ni.

Omi tí mo pò ó mọ́ tún wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. A máa ń rò pé omi kò ṣe tibi, kò ṣe tọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Níwájú ásíìdì tí ó lágbára, omi a máa ṣe bí ohun tí ń pa kíkan: a máa gba háídrójìn mọ́ra. Nígbà tí omi bá bo ojú amọ̀, omi ti jókòó sí gbogbo ibi tí ó kan. Ibi tí ó kan gan-an àti ibi tí ó kan díẹ̀ a wá rí bákan náà, ohun tí ìwé litmus sì ń bá pàdé kò ju omi náà lọ. Nítorí náà, bí mo ti ń po amọ̀ yẹn, ohun tí mo fẹ́ wọ̀n gan-an ni mo ń pa.

Ní ọdún 1956, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, H. A. Benesi, tẹ ìwádìí kan jáde nípa amọ̀ tí a gbẹ dáadáa. Ó rí i pé lójú amọ̀ funfun lásán, irú èyí tí wọ́n ń pè ní kaolinite, àwọn ibi kan wà tí agbára kíkan wọn tó ti ásíìdì sulfuric tí ó wà láàárín 48 sí 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí a bá fi háídrójìn dí ipò àwọn ohun mìíràn tí ó so mọ́ amọ̀ náà, agbára náà a gòkè sí àárín 71 sí 90. Ẹ fi èyí wé omi ásíìdì tí àwọn oníbátìrì ń dà sínú bátìrì mọ́tò, tí kò ju bíi 35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tí ó bá sì fi irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ kan ahọ́n kò ní mọ̀ ọ́n, nítorí itọ́ ẹnu rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bo kíkan náà mọ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ̀rù: agbára ni mo ń sọ, n kò sọ iye. Àwọn ibi náà kò pọ̀ lójú amọ̀ lásán.

Ẹlòmíràn yóò béèrè ìdí tí àgbàlagbà fi ń da ara rẹ̀ láàmú nítorí kíkan amọ̀. Ìdí ni pé ohun kíkan yìí jẹ́ ohun tí ń mú iṣẹ́ yá, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í bá iṣẹ́ náà tán. Kátálíìsì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní amúṣẹ́yá. Eugene Houdry, enjinía ará Faransé tí ó kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó fi amọ̀ tí a ti fi ásíìdì fọ̀ gé epo tí ó wúwo sí wẹ́wẹ́. Ní ọdún 1937, ilé iṣẹ́ Sun Oil ti ń fi ọgbọ́n rẹ̀ ṣe bẹntiróòlù ní Marcus Hook ní Pennsylvania. Láàárín ọdún 1960 sí 1965, Charles Plank àti Edward Rosinski, òṣìṣẹ́ Mobil, mú zeolite wá sí iṣẹ́ náà. Zeolite dà bí afárá oyin tí yàrá rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Silicon, alumíníọ̀mù àti ọ́síjìn ni a fi mọ ògiri rẹ̀; níbi tí alumíníọ̀mù kan bá ti wọ inú ògiri náà, háídrójìn kan ní láti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ohun gbogbo lè dọ́gba. Ibẹ̀ ni ibi tí ó kan. Ojú kíkan ni mo sọ ọ́.

Nílé wa níhìn-ín, ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbẹjú-Lẹ́kìí, tí a ṣí ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹntiróòlù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ní ẹ̀ka kan tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. A kọ́ ilé iṣẹ́ náà láti máa fọ 650,000 àgbá epo lójúmọ́. Nínú irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun amúṣẹ́yá a máa pàdé epo nínú ooru tí ó ju 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, èédú ti bò ó. A ó gbé e lọ sínú ìléru kejì tí ó gbóná tó bíi 700 láti jó èédú náà kúrò, a ó sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ooru àti oruku omi inú ìléru náà a máa fa alumíníọ̀mù tu kúrò nínú ògiri díẹ̀díẹ̀, kíkan a sì máa dínkù. Bí kíkan bá lọ sílẹ̀ jù, epo tí ó wúwo yóò kọjá láìgé. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò gé epo kọjá bẹntiróòlù títí yóò fi di gáàsì àti èédú. Ẹni tí kò bá mọ kíkan amúṣẹ́yá rẹ̀ kò mọ ohun tí yóò ti ẹ̀nu ọ̀pá keji jáde.

Báwo ni a ṣe wá ń wọ̀n ọ́n? Ọ̀nà àkọ́kọ́ sún mọ́ ti litmus. Ní ọdún 1932, Louis Hammett àti Alden Deyrup gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ fún àwọn ásíìdì tí agbára wọn kọjá ohun tí litmus lè sọ. Ní ọdún 1950, Cheves Walling fi irú aró bẹ́ẹ̀ dán ojú àwọn ohun líle wò. A ó gbẹ amúṣẹ́yá náà nínú ooru títí ọ̀rinrin kan kò fi ní kù lára rẹ̀. A ó dà á sínú ohun olómi tí kò ní omi nínú, bí benzene. A ó wá kán aró sí i. Aró kọ̀ọ̀kan ní agbára kíkan tí ó lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà, a sì ti mọ agbára náà tẹ́lẹ̀. Bí aró kìíní bá yí padà, tí aró kejì tí ó ṣòroó yí kò sì yí, a mọ̀ pé agbára ohun náà wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ má ṣe rò pé èyí jìnnà sí wa. Ẹ wo ìwé rìsíìtì aláwẹ́ méjì tí àwọn ọlọ́jà fi ń kọ ọjà tí wọ́n tà, èyí tí kò nílò kábọ́nù. Ní ẹ̀yìn ewé òkè ni a fi aró tí kò ní àwọ̀ pamọ́ sí, nínú ẹ̀kán òróró tín-tìn-tín. Bí bírò bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀kán náà yóò fọ́, aró yóò kan ewé ìsàlẹ̀ tí a fi ohun kíkan pa lójú, yóò sì di búlúù. Ilé iṣẹ́ NCR ni ó gbé irú ìwé yìí jáde ní ọdún 1954, amọ̀ sì ni ohun kíkan tí a kọ́kọ́ lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ti ń lo ohun ọ̀tọ̀ lónìí. Ìdánwò Walling ni àwọn ọlọ́jà wa ń ṣe lójoojúmọ́ láìmọ̀.

Àwọ̀ a máa sọ agbára, kì í sọ iye. Láti mọ iye, a ó máa kán ohun tí ń pa kíkan sí i, irú butylamine, títí àwọ̀ aró náà yóò fi padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù, nítorí ó ń pẹ́ kí butylamine tó dé gbogbo kọ̀rọ̀ inú ohun líle náà. Ó tún ní àléébù kan tí ó jọ mí lójú: bí amúṣẹ́yá náà bá ti dúdú nítorí èédú, ta ni yóò rí àwọ̀ lára rẹ̀?

Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí fi ń lo ọ̀nà kejì, èyí tí mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ ọmọ. Gbogbo wa mọ èèmọ́. Ẹni tí ó bá gba inú igbó kọjá yóò bá a lára aṣọ rẹ̀. Bí ó bá gbọn aṣọ náà díẹ̀, èyí tí kò di mọ́ ọn dáadáa yóò já bọ́. Bí ó bá gbọ̀n ọ́n gidigidi, èyí tí ó dì mọ́ ọn yóò já bọ́ pẹ̀lú. Bí ó bá ń ka iye tí ó ń já bọ́ bí ó ti ń fi kún agbára ọwọ́ rẹ̀, yóò mọ iye èèmọ́ tí ó wà lára aṣọ, yóò sì mọ bí ìkọ̀ọ̀kan ti di aṣọ mú tó. Ammonia ni èèmọ́ ti àwọn onímọ̀, gáàsì tí ń rùn bí ìtọ̀ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Ooru sì ni ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbọn aṣọ.

Wọ́n á kọ́kọ́ yan amúṣẹ́yá náà nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ títí omi yóò fi tán lára rẹ̀. Wọ́n á mú un wálẹ̀ sí nǹkan bí ìwọ̀n 100, wọ́n á sì jẹ́ kí ammonia wọ̀ ọ́ títí kò fi ní lè gbà mọ́. Wọ́n á fi gáàsì mìíràn, bí helium, gbá èyí tí kò rí ojú kíkan dì mú kúrò. Nígbà náà ni wọn yóò máa fi ooru kún un ní déédéé, bíi ìwọ̀n 10 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kan yóò sì máa ṣàkọsílẹ̀ ammonia tí ń jáde. Àwòrán rẹ̀ a sábà máa ní òkè méjì: òkè kìíní fún èyí tí a dì mú jẹ́jẹ́, òkè kejì, níbi tí ooru ti ga, fún èyí tí ojú kíkan alágbára dì mú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kan ṣe é, nítorí a jẹ́ olùkọ́. Bí zeolite kan bá ní silicon 15 sí alumíníọ̀mù kan, tí ammonia kan ṣoṣo sì jókòó sí ojú kíkan kọ̀ọ̀kan, gíráàmù kan nínú rẹ̀ yóò gba nǹkan bí mílígíráàmù 18 ammonia. Bí a bá wọ̀n ọ́n tí a rí mílígíráàmù 8 péré, a ó mọ̀ pé nǹkan bí ìdajì nínú àwọn ojú kíkan ti bàjẹ́, tàbí ohun kan ti jókòó sí wọn. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Ìwọ̀n ooru tí òkè wà lórí rẹ̀ kì í ṣe agbára kíkan fúnra rẹ̀. Bí a bá fi ooru kún un kíákíá, òkè náà a sún síwájú. Ammonia tí ó ti já bọ́ sì tún lè dì mọ́ ojú kíkan mìíràn kí ó tó rí ọ̀nà jáde. Ẹni méjì tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba kò gbọdọ̀ fi òkè wọn wé ara wọn.

Ohun kan tún wà tí ammonia kò lè sọ. Ọ̀nà méjì ni ohun líle fi ń kan. Ní ọdún 1923, J. N. Brønsted ará Denmark ṣàlàyé pé ásíìdì ni ohun tí ń fi háídrójìn tọrẹ. Ní ọdún kan náà, G. N. Lewis ará Amẹ́ríkà ní ásíìdì ni ohun tí ń na ọwọ́ gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn méjèèjì tọ̀nà, nítorí olùfúnni àti olùgbà a máa wà lójú amúṣẹ́yá kan náà, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Ammonia a máa dì mọ́ méjèèjì láìyàtọ̀. Ní ọdún 1963, E. P. Parry fi ọ̀nà kan hàn tí a fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó fi pyridine, tí òórùn rẹ̀ dà bí ti ẹja tí ó ti bàjẹ́, rọ́pò ammonia, ó sì tan ìtànṣán infrared, tí ojú ènìyàn kò lè rí, gba inú rẹ̀ kọjá. Pyridine tí ó gba háídrójìn a máa jí ìtànṣán gbé ní nǹkan bí àmì 1545. Èyí tí ó jókòó lọ́wọ́ olùgbà a máa jí i gbé ní nǹkan bí 1450. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ohùn mọ ọmọ tí ń pariwo ní ẹ̀yìn kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi àmì wọ̀nyí mọ irú ojú kíkan tí ó wà níbẹ̀.

Ìtóbi ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ammonia kéré. Eku wọ inú ihò tí òyà kò lè wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ammonia yóò wọ yàrá tí epo tí ó wúwo kò lè wọ̀ láé. Ẹnu ọ̀nà yàrá zeolite Y kò ju 0.74 nanómítà lọ. Amúṣẹ́yá méjì lè gba iye ammonia kan náà, kí ọ̀kan gé epo dáadáa, kí èkejì má lè ṣe ohunkóhun, nítorí pé kọ̀rọ̀ tí epo kò lè dé ni ó fi ojú kíkan tirẹ̀ pamọ́ sí. Fún èyí, àwọn onímọ̀ ń lo pyridine tí a so apá ńlá méjì mọ́, tí kò lè gba ẹnu ọ̀nà tóóró wọlé. Ó ń ka kìkì ojú kíkan tí ó wà ní ìta. N kò tíì rí ohun tí ó ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu tó èyí, pé ènìyàn a máa mọ̀ọ́mọ̀ rán àlejò tí ó sanra jù sí ilé kan kí ó lè mọ bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti fẹ̀ tó.

Kí a má sì rò pé púpọ̀ ni ó dára jù. Bí alumíníọ̀mù bá pọ̀ nínú ògiri zeolite, ojú kíkan yóò pọ̀, ṣùgbọ́n agbára ìkọ̀ọ̀kan yóò rẹlẹ̀, nítorí wọ́n sún mọ́ ara wọn jù. Bí a bá yọ díẹ̀ nínú alumíníọ̀mù náà, iye yóò dínkù, agbára àwọn tí ó kù yóò sì pọ̀ sí i. Ní tèmi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé kíkan amúṣẹ́yá kan jẹ́ báyìí báyìí, tí kò sì sọ ohun tí ó fi wọ̀n ọ́n, n ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó sọ pé ilé kan tóbi, tí kò sọ bóyá gíga ni tàbí fífẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa kò jókòó lásán. Ní Ahmadu Bello University ní Zaria, wọ́n ti fi amọ̀ funfun tí a wà ní Kankara ní Ìpínlẹ̀ Katsina ṣe zeolite. Ní Covenant University ní Ọ̀tà, tí kò jìnnà sí Àgbàdo, wọ́n ti fi amọ̀ ilẹ̀ wa ṣe é pẹ̀lú. Bí irú zeolite bẹ́ẹ̀ yóò bá wọ ilé iṣẹ́ ìfọpo lọ́jọ́ kan, àwọn òṣùwọ̀n tí mo ti kà sílẹ̀ yìí ni a óò kọ́kọ́ bi í.

Kí sáà wa ní Àgbàdo tó parí, mo ra ìwé rìsíìtì kan, mo sì gbé e lọ sí kíláàsì. Mo jẹ́wọ́ níwájú àwọn ọmọ náà pé omi tí mo pò mọ́ amọ̀ ni ó tàn wá jẹ. Mo ní kí ọmọbìnrin náà kọ orúkọ rẹ̀ sí ewé òkè. Ó kọ ọ́, ó ṣí i, ó rí orúkọ rẹ̀ ní búlúù lára ewé ìsàlẹ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì sì dìde láti wò ó. Ó fi ìka ra àwọ̀ náà, ó wò ó pẹ́, ó ní, “Àwọn ibi tí ó kan lára ewé yìí, mélòó ni wọ́n, sà?”

Mo ní àwọ̀ kò lè sọ ìyẹn, pé a ní láti wọn ohun tí wọ́n bá dì mú. Ó béèrè bóyá òṣùwọ̀n wà ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Mo ní èyí tí ó wà kò lè wọn ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó kọ ìbéèrè náà sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó.